Mo fẹ́ máa jẹ ohun tí iná ò kàn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Mókọ́lá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà àwẹ̀ Lẹ́ǹtì ni mo ti pa ẹran, ẹja àti ẹyin tì, mílíìkì náà ò sì wọlé mi mọ́. Ara mi fúyẹ́, mi ò ní purọ́. Ohun tó wá ń wù mí báyìí ni kí n lọ bá àwọn tí kì í gbé oúnjẹ wọn ka iná rárá, àwọn tó jẹ́ pé èso, ewé, àgbọn àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ń gbé ayé. Mò ń wò wọ́n lórí YouTube títí ojú mi fi ń pọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń kó sínú abọ́, kale, blueberry, chia, kò sí lórí àtẹ àwọn ìyá tí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn ní Bódìjà. Níbi tó bá sì wà, iye tí wọ́n ń tà á kì í ṣe owó tíṣà.

Kí ni mo lè jẹ tí yóò yó mi? Ṣé ẹ̀wà tí a rẹ sómi tó sì hu ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀? Gààrí tí a fi omi tútù mu ńkọ́, ṣé ó wà lára ohun tí iná ò kàn? Ọkọ mi ní bí n bá tún rù ju báyìí lọ, òun á dá mi padà fún bàbá mi. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n mo rí i lójú ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàbọ̀ sáàárín àwa tí wọ́n máa ń bi lóde ìnáwó pé "ṣé ẹ ń gbààwẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ yíyó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sídìí ìkòkò. Ẹ má rò pé ẹran ló ń wù wọ́n. Ebi ló ń pa wọ́n. Ẹni tó jẹ kùkúńbà 100 gíráàmù, kálórì (òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) bíi 15 ló jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yìn yẹn kò ju nǹkan bí 89 lọ nínú 100 gíráàmù. Obìnrin tó ń dúró kọ́ ọmọ níwé láti àárọ̀ dọ̀sán nílò tó 2,000 lóòjọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló fẹ́ fi dí i, yóò jẹ ju kílò méjì lọ, lẹ́yìn tó ti bó èèpo kúrò. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn lójoojúmọ́?

Àwọn ohun tó lọ́ràá ló ń gbé èèyàn dúró. Inú àgbọn, kálórì rẹ̀ lé ní 350 nínú 100 gíráàmù. Ẹ̀pà lé ní 560. Píà tó 160. Yànmọ̀tí náà ò kẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bu oúnjẹ yín, ẹ má jẹ́ kí ewé gba gbogbo abọ́.

Èmi máa ń rin àgbọn, mà á lọ̀ ọ́ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mà á sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ ni mo fi ń po ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gé wẹ́wẹ́. Èyí tó kù nínú asẹ́ kì í ṣe dídànù. Mo máa ń gún dàbínù mọ́ ọn, kí n fi yànmọ̀tí díẹ̀ sí i, kí n yí i róbótó róbótó, kí n gbé e sí fíríìjì. Àwọn ọmọ mi ń jà lé e lórí.

Òfíò ni kí ẹ fi rọ́pò mílíìkì. Ẹ ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa torí iyẹ̀pẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú dàbínù àti atalẹ̀ díẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ nínú fíríìjì. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ mu ún tán lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Olóko Ìsẹ́yìn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ẹ̀wà àti gààrí, torí ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ̀gẹ́ tútù kò ṣeé jẹ. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá ti gé e tàbí rin ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú májèlé sáyánáìdì jáde, pàápàá jù lọ irú ẹ̀gẹ́ tó korò. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e lórí kó ro omi, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ kó kan kí wọ́n tó yan án nínú agbada gbígbóná, májèlé yẹn ni wọ́n ń lé jáde. Ní Kóńgò àti Mòsáńbíìkì, níbi tí ìyàn ti mú kí àwọn èèyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láì ṣe iṣẹ́ yẹn tán, àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní konzo máa ń sọ ọmọdé àti obìnrin di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Nítorí náà, gààrí tí ẹ ń fi omi tútù mu, iná ti rí i kó tó dé ọwọ́ yín. Àwọn tó ń ṣe òfin oúnjẹ àìsè yìí ní ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 40 sí 48 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, agbada gààrí sì ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mu gààrí, ẹ mu gààrí, kí ẹ fi ẹ̀pà àti àgbọn sí i. Ọ̀dọ̀ ewéko náà ló ti wá.

Iṣu tútù á máa yún ni lọ́fun. Kókò burú jù ú lọ, torí àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké tí ojú kò rí ló wà nínú rẹ̀, iná ló ń pa agbára wọn. Èsúrú ìgbẹ́ tilẹ̀ ní májèlé nínú; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tilé kó má fọwọ́ kàn án. Olú náà, ẹ sè é.

Ti ẹ̀wà: ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kídìnrín, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ láìjinná, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni. Rírẹ rẹ̀ sómi nìkan kò tó, àfi kó hó kíkankíkan. Ẹ̀wà tiwa, olóyin àti drum, kò le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ní tútù inú kì í lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa. Á máa kùn, á máa wú. Èyí tó hu, ẹ gbé e ka iná díẹ̀ ná. Ní 2011, ohun híhù bẹ́ẹ̀ (irúgbìn fenugreek ni) ló gbé kòkòrò E. coli kan wọ inú abọ́ sàláàdì àwọn ará Jámánì. Àwọn tó kú lé ní 50, ìlú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ooru àti ọ̀rinrin tó ń mú irúgbìn hu ni kòkòrò náà ń fẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Mókọ́lá:

Háà. Ẹ ṣeun gan-an. Kajú ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń fi kajú ṣe wàrà àti ọbẹ̀ funfun kan báyìí.

Ọmọ Olóko Ìsẹ́yìn:

Kajú! Ẹ rí ẹni tó bá ti bá wọn ṣa kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́, á sọ fún yín bí epo inú èèpo rẹ̀ ṣe ń bó èèyàn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè fọ́ ọ lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ sun ún tàbí kí wọ́n fi ooru omi gbígbóná sè é kí wọ́n tó yọ ọmọ inú rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n kọ "raw" sí lára ọ̀rá rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń bú iná lórí YouTube, iná ló bá wọn ṣe wàrà wọn. Ẹ̀pà ni kí ẹ fi ṣe tiyín. Ẹ ṣáà ti ṣa èyí tó hu funfun tàbí tó rún dànù, torí èbu ara ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Mo ti ń retí ẹni tí yóò dárúkọ fítámì B12, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Kò sí ewé, kò sí èso, kò sí irú tàbí ògì tí a lè gbọ́kàn lé fún B12. Kòkòrò àìlèfojúrí ló ń ṣe é. Ẹran, ẹyin àti wàrà ni àwa fi ń rí i gbà. Àgbàlagbà nílò nǹkan bíi máíkúrógíráàmù 2.4 lóòjọ́. Ó kéré púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ara kò lè ṣe láìsí i. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún díẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ nínú ẹran lónìí, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á ní kò sóhun tó ṣe òun, á máa kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó bá yá ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já a, ahọ́n á máa ta á, nǹkan á máa fò ó lọ́kàn, á rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Ẹni tó ń jẹ ewé púpọ̀ tún wà nínú ewu kan lọ́tọ̀: folate, irú fítámì B mìíràn tó wà nínú ewé, lè bo àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìní B12 ń fà mọ́lẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò ní tètè fi í hàn, iṣan ara á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Bí iṣan bá ti bàjẹ́ jù, oògùn kì í dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹgbẹ́ Vegan Society tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1944, àwọn gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "vegan" (ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá), ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n lo ó kéré tán máíkúrógíráàmù 10 lójúmọ́, tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí wọn kò bá ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti fi B12 sí. Ó wà ní ilé ìtajà oògùn wa, kò sì wọ́n. Ẹ rà á kí ẹ tó ra bílẹ́ńdà tuntun.

Èkejì ni èròjà irin. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti yànmọ̀tí, ṣùgbọ́n ti ewéko kì í tètè wọ ara. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀fọ́ yín, tàbí kí ẹ jẹ ọsàn tàbí gúáfà lẹ́yìn rẹ̀, èyí ń ràn án lọ́wọ́. Tíì àti kọfí ń dínà fún un, ẹ jẹ́ kí wákàtí kan kọjá kí ẹ tó mu wọ́n. Ẹ má sì ṣe pa iyọ̀ tì pátápátá bí àwọn kan ṣe ń wí, torí iyọ̀ alápò tí a ń tà ní Nàìjíríà ni a fi áyódìn sí láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kí gẹ̀gẹ̀ má baà máa yọ ènìyàn lọ́rùn, ẹni tí kò jẹ ẹja kò sì ní ibòmíràn tó rọrùn tó lè rí i.

Aboyún, ìyálọ́mọ tó ń fọ́mú, àti ọmọdé: ẹ má gbé wọn lé oúnjẹ àìsè nìkan. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, pòtásíọ̀mù inú èso àti ewé lè pa á lára. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ewé bá yí padà lójijì nínú oúnjẹ rẹ̀, oògùn náà á ṣiṣẹ́ gbòdì. Onítọ̀ ṣúgà tó ń lo abẹ́rẹ́, dókítà ló gbọ́dọ̀ bá a tún oògùn rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ṣúgà rẹ̀ má baà já wálẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fojú sí nǹkan oṣù yín. Ní Jámánì, àwọn olùwádìí Yunifásítì Giessen tẹ ìwádìí jáde ní 1999 lórí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àìsè. Nínú àwọn obìnrin tí wọn kò tíì pé ọdún 45, bí ìdá 30 nínú 100 ni nǹkan oṣù wọn ti dàrú tàbí tó dáwọ́ dúró pátápátá, àwọn tó rù jù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àǹtí, mo gbọ́ ohun tí ọkọ yín wí. Ẹ bá a gbọ́ ọ.

Eléso Tútù:

Nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ti fi ìbẹ̀rù kún un jù. Iná ń pa ẹ̀mí inú oúnjẹ. Àwọn enzyme tó ń bá wa da oúnjẹ, iná ló ń pa wọ́n. Ṣé ẹ rí ẹranko tó ń dáná? Láti ìgbà tí mo ti kúrò nídìí sítóòfù, ojú mi ń dán, mo ń sùn dáadáa, inú kì í rún mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín yọ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n enzyme inú ìbẹ́pẹ, àyàfi díẹ̀, omi kíkan inú ikùn ló ń kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Ara wa ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé iná ń dín fítámì C kù, mi ò jiyàn rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni èso fi dára ní tútù. Iná tún ń tú ohun mìíràn sílẹ̀. Èròjà pupa inú tòmátì tí wọ́n ń pè ní lycopene, inú ọbẹ̀ tó jinná pẹ̀lú epo ni ara ti ń rí i gbà jù. Èyí tó wà nínú kárọ́ọ̀tì náà fẹ́ epo. Ẹranko kì í dáná lóòótọ́, àmọ́ màlúù ń jẹ láti àárọ̀ títí dalẹ́, kò ní iṣẹ́ tíṣà.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Bódìjà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Èmi tí mò ń tà á, ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ̀fọ́ tí ẹ lè jẹ ní tútù pọ̀ ju kale lọ. Yánrin ni olórí wọn. Àwọn àgbà ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó korò díẹ̀, ó sì máa ń ṣí ọ̀fun. Ẹ já a wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fọwọ́ ra á kó rọ̀. Ẹ lọ̀ ẹ̀pà kúnná, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́, ata rodo díẹ̀ àti àlùbọ́sà pò ó títí yóò fi ki bí ògì, kí ẹ dà á lé e lórí. Bí píà bá wà, ẹ gé e sí i. Ẹni tó bá jẹ èyí kò ní bèèrè chia mọ́. Ewé efinrin, ẹ má fi púpọ̀ sí i, kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ adùn nǹkan mìíràn. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, ẹ má jẹ wọ́n ní tútù lójoojúmọ́, torí ohun tó ń di òkúta nínú kídìnrín wà nínú wọn. Bí ẹ bá bọ̀ wọ́n, tí ẹ da omi rẹ̀ nù, ó ń dín kù. Ilá tútù, ọmọ kékeré tí kò tíì le, ó ń dún nínú ẹnu, ó dùn. Kábéèjì: ẹ gé e tínrín, kí ẹ fi iyọ̀ 20 gíráàmù sí kílò kan, ẹ fọwọ́ fún un títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ìgò, kí omi náà bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ooru Ìbàdàn, kò ní pẹ́ kan. Bí ẹ bá rí èbu lórí rẹ̀, tàbí tí òórùn rẹ̀ bá yí, ẹ dà á nù.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fi fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn létí odò inú ìlú, omi tí wọ́n fi ń bomi rin ín, ẹ̀yin àti èmi mọ̀ ọ́n. Ọbẹ̀ á hó, ẹ̀rù kò ní bà wá. Sàláàdì kò ní hó. Nígbà tí onígbáméjì jà l'Ékòó ní 2024, ìjọba sọ pé ohun mímu òfíò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí àwọn fura sí. Nítorí náà, ẹ ṣe òfíò yín nílé gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti wí, pẹ̀lú omi tí ẹ gbà pé ó mọ́, ẹ má ra ti ẹni tó ń kiri nínú ọ̀rá. Ẹ ṣí ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́. Iyọ̀ inú omi ń lé kòkòrò tó ń rìn jáde, kò pa èyí tí ojú kò rí. Bí onígbáméjì bá ń jà ládùúgbò yín, ẹ pa sàláàdì tì, kí ẹ jẹ èso tí ẹ fọwọ́ ara yín bó.

Ọmọ Babcock:

Mo kàn ń kọjá lọ ni. Ilé ìwé wa ní Ìlishàn, ti ìjọ Adventist ni, kò sí ẹran nínú oúnjẹ wa. Ọdún àkọ́kọ́ ni gbogbo wa ń ráhùn. Nígbà tó yá, wàrà sóyà (èyí tó dì, tí wọ́n ń pè ní tofu) nínú ọbẹ̀ ata ti di ohun tí a ń du mọ́ ara wa lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti ń jẹun láìsí ẹran, iná ni wọ́n sì fi ń sè é.

Alákàrà Ọ̀yọ́:

Ọmọ Babcock ti mú un bọ́ sí ọwọ́ mi. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, èmi ò ní sọ pé kí ẹ má jẹ ohun tútù. Ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, ẹ dáná. Ibi tí ẹ̀wà wà nìyẹn, ẹ̀wà ni ẹran wa tó dàgbà jù.

Ẹ bó ẹ̀wà yín, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàsé, àlùbọ́sà àti rodo, ẹ fi òróró tàbí epo pupa pò ó, ẹ gé olú sínú rẹ̀ níbi tí ẹ ti máa ń fi ẹyin àti ẹja sí, ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran. Ewé náà ń fún mọ́ínmọ́ín ní adùn tí ọ̀rá kò ní fún un láéláé. Ẹ ò fẹ́ ata? Ẹ̀kuru ni, kí ẹ fi ata díndín jẹ ẹ́. Gbegìrì kò fìgbà kan nílò ẹran, ẹ̀wà tí a bó, irú, ata àti epo ti tó o. Ẹ fi bo àmàlà pẹ̀lú ewédú, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ń ṣe àìrí jẹ.

Ẹ̀fọ́ rírò láìsí ẹran, ìdí rẹ̀ wà nínú irú àti epo. Ẹ jẹ́ kí epo gbóná, àlùbọ́sà kí ó pupa, irú lẹ́yìn rẹ̀, kó ta sánsán gbogbo ilé kí ẹ tó da ata sí i. Ata náà kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ tí ẹ ti bọ̀ tí ẹ sì ti fún sí i, torí omi ló ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́. Olú tàbí wàrà sóyà tí ẹ ti dín, ẹ dà á sí i kẹ́yìn. Àwọn tó ń ta wàrà sóyà, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rà á: kó funfun, kó má ní òórùn kíkan. Ẹ̀wà àgànyìn tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá, òun náà kò ní ẹran nínú. Ata gbígbẹ, àlùbọ́sà àti epo ló fi ń ta ni lẹ́nu. Wọ́n ní a ò mọ oúnjẹ ewéko. Àwa tí a ní òlèlè!

Ará Peckham:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oòrùn lọ́hùn-ún, ẹ dúpẹ́. Níbí, bí ọ̀gìnnìtìn bá dé, èso tútù nínú ilé tó tutù, ẹ̀yà ara á sọ pé òun kò ṣe. Mo bá wọn ṣe é ní oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ni mo máa ń padà sórí ọbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìlera níbí ní kí gbogbo ènìyàn ronú sí lílo fítámì D, máíkúrógíráàmù 10 lóòjọ́, ní ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì ronú sí i yípo ọdún. Ẹni tó bá jẹ́ vegan, kó wo ara ìgò rẹ̀ dáadáa, torí ara irun àgùntàn ni wọ́n ti ń mú D3 kan jáde. Ẹ̀fọ́ wa ń wọ̀lú nínú fíríísà, ó ti rí omi gbígbóná kí wọ́n tó dì í, kò wúlò fún sàláàdì, ọbẹ̀ ni kí ẹ fi se. Ìbẹ́pẹ níbí, owó rẹ̀ lè mú yín sunkún.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó: mo máa ń jẹun kí n tó kúrò nílé. Mo bá ìyá ọkọ mi ṣàdéhùn pé tèmi máa jẹ́ ìrẹsì pẹ̀lú dòdò lásán, kò ní fi omi ẹran se ìrẹsì náà. Ó gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àlàyé. Ó ṣì máa ń fi ẹja kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo mi bí ẹni pé ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Mókọ́lá:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo fi hàn ọkọ mi náà. Inú rẹ̀ dùn sí ti Alákàrà jù. Mo ti pinnu pé máa jẹ ohun tútù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, lálẹ́ kí n máa dáná. Mo ra B12 lánàá. Ìbéèrè mi kan ló kù: ṣé ó yẹ kí n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tàbí lẹ́yìn rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Kí ẹ tó lò ó, bí ẹ bá rí àyè. B12 tí ẹ ti gbé mì á gbé iye inú ẹ̀jẹ̀ sókè, kò sì ní jẹ́ kí a mọ bí ara yín ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò B12 àti ti èròjà irin tí wọ́n ń pè ní ferritin pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ gbogbogbò. Bí owó bá há, ẹ ṣe ti ẹ̀jẹ̀ gbogbogbò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ má dúró.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé ọjà kí oòrùn tó mú. Píà ti ń wọ̀lú báyìí, èyí tó bá ti ń rọ̀ díẹ̀ nídìí ni kí ẹ mú, èyí tó ti rọ̀ pátápátá dúdú nínú. Bí wọ́n bá sọ iye tó ga fún yín, ẹ dúró ná; nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn fúnra wọn á pè yín padà.